Ìjọ wa fẹ́ bá ilé ìwé àdúgbò ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ìdílé lè rí ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ dàrú mọ́ wa lọ́wọ́

Akọ̀wé Àpáta (Ọjọ́ Ajé, aago 8:10 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nínú ìjọ wa ní ìhà Àpáta níhìn-ín ní Ìbàdàn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi máa ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ka ìsọdipúpọ̀ nígbà tí a bá wà ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí, ìjọ pinnu pé ó yẹ kí a ran àwọn ìdílé tó ní ọmọ níbẹ̀ lọ́wọ́, nítorí a mọ̀ pé nǹkan kò rọrùn fún púpọ̀ nínú wọn. A dá owó jọ, a ra báàgì 120, a fi ìwé ìkọ̀wé mẹ́fà mẹ́fà àti bírò sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì tẹ orúkọ ìjọ àti àwòrán olùṣọ́ àgùntàn wa sí ara wọn. A wá ní kí àwọn òbí mú ọmọ wọn wá sí ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, kí a gbàdúrà fún wọn kí a tó pín in.

Àwọn òbí tó wá kò tó ìdajì. Àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí kò wá rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan tó ń lọ sí ìjọ mìíràn náà kò yọjú. A kó púpọ̀ nínú èyí tó kù fún ọ̀gá ilé ìwé kí ó bá wa pín in. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ti ilé ìwé bọ̀ pẹ̀lú báàgì wa lẹ́yìn. Wọ́n ti gé ọ̀rá dúdú, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ rán an yíká bo ojú àwòrán náà. Ìrán rẹ̀ dọ́gba, ó mọ́ tónítóní, ó hàn pé ẹni tó rán an fara balẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, n kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá tó ní sùúrù láti rán ọ̀rá mọ́ báàgì lálẹ́ kì í ṣe ìyá tí kò bìkítà fún ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀gá ilé ìwé ti ń dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò fún wa láyè mọ́. Àwọn ọmọ tí a rò pé àìní báàgì ló ń dá wọn dúró sílé ṣì ń pa ilé ìwé jẹ. Ìgbìmọ̀ wa ti pín sí méjì: apá kan ní kí a kó owó tó kù fún ọmọ ìjọ nìkan, apá kejì ní kí a tún gbìyànjú. Mo wà ní apá kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tàbí tí ó ti kàn yín gẹ́gẹ́ bí òbí tàbí olùkọ́, kí ni ìjọ àti ilé ìwé lè jọ ṣe tí yóò ṣe ìdílé láǹfààní ní tòótọ́, níbo sì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì (Ọjọ́ Ajé, aago 9:02 alẹ́)

Ẹ kú ìtara, Akọ̀wé. Ní tèmi, ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọ. Ta ló kọ́kọ́ kọ́ ọmọ Ìbàdàn ní ìwé? Nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé ìlú yìí ní 1853, tí wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì, ọmọ ni wọ́n kó jọ sọ́dọ̀ láti kọ́, Olóyè Olúnlóyọ̀ sì fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá Wesley College sílẹ̀ ní Ẹlẹ́kùrọ́ ní 1905 láti kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí Ibadan Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1913, A. B. Akínyẹlé, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti kó àwọn ilé ìwé ìjọ sábẹ́ ara rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìwà ọmọ ti ń bàjẹ́ tí ilé ìwé náà sì ń wó. Kí gbogbo ìjọ pawọ́ pọ̀, kí wọ́n bèèrè ohun tó jẹ́ tiwọn padà. Báàgì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Tíṣà Àgbà Mólétè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:35 àárọ̀)

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrántí. Òótọ́ ni ìtàn tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa gbọ́ ọ lápá kan. Owó ni àwọn òbí ń san ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọ láyé ìgbà náà, ẹni tí kò bá sì ní, ẹ̀yìn ògiri ni ọmọ rẹ̀ máa wà. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ni ilẹ̀kùn ṣí fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alágbàṣe, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ Hinderer ní Kúdẹtì ló fi ilé sílẹ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ìwé ìgbà yẹn ń yọ ọmọ kúrò nínú agbo ilé. Ọmọ tòde òní ń padà sílé ní ọ̀sán, ohun tó bá sì bá nílé ló máa gbé wá sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Bí ìjọba bá dá gbogbo ilé ìwé padà fún ìjọ lónìí, ìyá tí kò rí owó oúnjẹ ṣì wà níbi tó wà.

Akọ̀wé, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé ìwé ìjọba ní ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ padà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé yẹn lọ́wọ́ òfo. Ẹ má gbé ẹ̀bùn dání, ẹ má mú ayàwòrán dání. Ẹ bi í pé kí ló ń gba àkókò rẹ̀ jù lọ, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Ẹ rántí pé òun kọ́ ló ni ilé ìwé náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi tó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ létí. Bí ẹ kò bá kọ lẹ́tà, òun ni wọn yóò bi léèrè ìdí tí àlejò fi ń wọlé tó ń jáde.

Nígbà tí ìjọ kan bi èmi náà ní irú ìbéèrè yẹn, wọ́n rò pé n óò tọrọ bẹ́ǹṣì tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní àwọn òbí kì í wá bí mo bá ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n bi mí ní ìdí rẹ̀, mo sì mú wọn lọ sí ẹnu géètì. Bàbá kan dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bírìkìlà ni, símẹ́ǹtì ṣì wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tó ti dúró, kò wọlé. Bí mo ṣe kí i, ó na ₦1,500 tó ti ká mọ́wọ́ sí mi, ó ní, “Mà, èyí tí mo rí nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e.” Kì í ṣe owó ni mo pè é fún. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tó ti ní ọmọ nílé ìwé, kò sí ìgbà kan tí ilé ìwé ránṣẹ́ sí i tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Ohun tí ìjọ náà wá ṣe kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Wọ́n yá wa ní gbọ̀ngàn wọn lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí òbí àti olùkọ́ lè jókòó pọ̀. Ní kíláàsì wa, orí bẹ́ǹṣì ọmọ kékeré ni àwọn àgbà ti ń jókòó, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ẹni tó bá sì jókòó báyẹn, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá wí ni yóò rí lójú ara rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, àga tó yẹ àgbà wà. A ṣe é lófin pé ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ owó nínú ìpàdé náà, àti pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun kan tí ọmọ ṣe dáadáa kí ó tó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ní sáà àkọ́kọ́, òbí mẹ́tàlélógún ló wá. Nígbà tó fi máa di sáà kẹta, àga kò tó.

Ìyá Kúdírátù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 10:20 alẹ́)

Àsàlámù àlékùn, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ata àti tòmátì ni mo ń tà ní ọjà Bódìjà, ọmọ mẹ́rin ni mo bí, méjì nínú wọn wà ní ilé ìwé ìjọba. Èmi kọ́ ni mo rán ọ̀rá mọ́ báàgì yín, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ǹ bá ṣe é. Akọ̀wé, ẹ má kà á sí ìkórìíra. Báàgì yẹn kan náà ni ọmọ yóò gbé lọ sí ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ì bá dá a padà, kò dá a padà nítorí ó nílò rẹ̀. Ó kàn wá ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ yóò fi gbé e láìsí ìtìjú. Ohun tó dùn mí jù nínú àlàyé yín ni pé ẹ ní kí a wá sí ìsìn kí a tó gbà á. Lójú ẹni tí kò ní lọ́wọ́, bí ìgbà tí ẹ ní kí ó fi ẹ̀sìn rẹ̀ san owó báàgì ló rí.

Tíṣà, mo kúnlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, àfi aago márùn-ún yẹn ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Aago márùn-ún ni àwọn tó ti ibi iṣẹ́ dé ń wá ra ata ọbẹ̀ alẹ́. Ìyá tó bá palẹ̀ mọ́ ní aago yẹn ti pàdánù èrè ọjọ́ náà. Ní àdúgbò tèmi, ọjọ́ Àìkú ní aago méjì ọ̀sán ló rọ̀ wá lọ́rùn, àwa ti dé láti àsàlátù, ẹ̀yin náà ti jáde ìsìn. Ẹ bi àwọn ìyá tó wà lọ́dọ̀ yín, nítorí ọjà kò rí bákan náà.

Tíṣà Àgbà Mólétè (Ọjọ́rú, aago 6:12 àárọ̀)

Ìyá Kúdírátù, ẹ ṣeun. Àwọn bàbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá nígbà náà, n kò sì bi ara mi ní ìdí rẹ̀ títí di òwúrọ̀ yìí.

Amòfin Ìdí-Apẹ́ (Ọjọ́rú, aago 1:47 ọ̀sán)

Mo fẹ́ fi ti òfin kún un. Abala 38 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú ẹnikẹ́ni tó wà nílé ìwé láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí láti kópa nínú ìsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, UBE, ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ girama ìjọba, ó sì fi í ṣe ojúṣe òbí pé kí ọmọ lọ, kí ó sì parí rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ níbí, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé fagi lé owó ₦3,000 tí wọ́n ń gbà ní girama ìjọba ní 2019. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìjọ bá ọmọ san owó kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá owó náà bófin mu.

Ẹni tí ìjọ bá sì rán wọ ilé ìwé, ẹ má jẹ́ kí òun nìkan wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá. Kí wọ́n jẹ́ méjì, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ọ̀gá ilé ìwé mọ orúkọ wọn. Ẹ má ya àwòrán ọmọ láìgba àṣẹ òbí rẹ̀.

Àkànní Sángo (Ọjọ́rú, aago 7:30 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo wà lára àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Sángo tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà lẹ́yìn ilé ìwé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin. Ọdún méjì nìyí. Àṣìṣe wa ni pé lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni àwọn òbí bèèrè. Ọmọ kíláàsì kẹrin á ka ojú ewé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń kọrin, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọwọ́ bo gbogbo rẹ̀ tí mo ṣí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ó ti há a sórí ni.

Màmá àgbà kan nínú ìjọ, tí kò wọ yunifọ́ọ̀mù rí láyé rẹ̀, ló là wá lójú. Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló ti kọ́ a, b, d, inú Bíbélì Yorùbá ló sì ti mọ ìwé kà. Ó ní kí a fi èdè tí ọmọ ń gbọ́ kọ́ ọ kí a tó fi èyí tí kò gbọ́ kún un. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 náà nìyẹn: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nígbà tí a yí padà, oṣù mẹ́ta kò pé tí ọmọkùnrin kan fi ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn mọ́tò akérò sókè fún ìyá rẹ̀ lójú títì. Ìyá náà wá bá wa lọ́jọ́ kejì pé kí a kọ́ òun náà. Ìyá méje ló ń jókòó pẹ̀lú wa báyìí ní Ọjọ́bọ̀. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀, níbi tó ti máa ń tẹ àtàǹpàkò tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó tún mú ìwé náà, ó wò ó títí.

Ọmọ kan ṣì wà tí a kò rí ojútùú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó gbọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í da ohun tó wà lójú pátákó kọ. A ń rò pé ó ya ọ̀lẹ.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu (Ọjọ́bọ̀, aago 5:50 àárọ̀)

Àbúrò mi Àkànní, jọ̀wọ́, má tíì pe ọmọ yẹn ní ọ̀lẹ. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú rẹ̀ wò. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta nínú ìjọ wa ti ṣe èyí ní ilé ìwé kan, lẹ́yìn tí ọ̀gá ilé ìwé gba àṣẹ tí àwọn òbí sì fọwọ́ sí i. Pátákó tí wọ́n ya lẹ́tà E sí la lò, ńlá ń bẹ, kékeré ń bẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì. Ọmọ á dúró ní mítà 6 sí i, á bo ojú kan, á fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà náà kọ sí, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí kò mọ ìwé kà pàápàá lè ṣe é. A bá ọmọbìnrin kan pàdé tí wọ́n fi sí ìjókòó ẹ̀yìn nítorí ó ga. Lẹ́yìn lẹ́tà tó tóbi jù, kò rí òmíràn. Wọ́n ti nà án lọ́pọ̀ ìgbà nítorí àìdàwékọ.

Ìjọ fẹ́ san gbogbo owó dígí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀, ó ní kí a san ìdajì, òun á san ìdajì tó kù díẹ̀díẹ̀, ó sì san án tán. Mo sọ èyí kí ẹ lè bi òbí ní iye tí apá rẹ̀ ká kí ẹ tó gbà á lọ́rùn rẹ̀.

Ohun kan tí n kò ní fi bò: ẹ má fún ọmọ ní oògùn aràn tàbí oògùn yòówù nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láìsí òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba àti àṣẹ òbí. Iṣẹ́ tí ìjọ lè ṣe níbẹ̀ ni láti jẹ́ kí òbí gbọ́ ṣáájú pé àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, nítorí òbí tí kò bá gbọ́ àlàyé á dá ọmọ dúró sílé lọ́jọ́ náà.

Bàbá Ìbejì (Ọjọ́bọ̀, aago 8:15 alẹ́)

Tíṣà, mo gba àtúnṣe yín lórí ọ̀rọ̀ owó, bàbá tèmi gan-an ta kòkó kí n tó parí ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Bí ìjọ bá ń kọ́ ọmọ, tó ń yẹ ojú wò, tó ń yá ni ní gbọ̀ngàn, tí kò sì lè dárúkọ Olúwa níbẹ̀, báwo ni àwọn ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé ìjọ ló ṣe é?

Ìyá Kúdírátù (Ọjọ́bọ̀, aago 10:05 alẹ́)

Bàbá wa, a máa ń mọ̀. Nígbà tí ilé aládùúgbò mi jó, àwọn obìnrin ìjọ kan wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé láràárọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò gbé ìwé pélébé kankan dání, wọn kò wọ aṣọ ẹgbẹ́. Gbogbo agbo ilé ló mọ ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Títí di òní, bí ayẹyẹ wọn bá dé, a máa ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ń gbé ti Iléyá jẹ lọ́dọ̀ wa.

Ìyá Alákàrà Òkè-Àdó (Ọjọ́ Ẹtì, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní ìrẹsì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀, kíláàsì kún fọ́fọ́. Ọjọ́ Ẹtì, ó ṣófo. Olùkọ́ kan ló gbé rẹ́jísítà wá tó fi hàn wá. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń se é, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu géètì kò sì rí nǹkan tà lọ́jọ́ náà. A ń fún ọmọ lóúnjẹ, a ń gba ti ẹnu ìyá rẹ̀. A dá a dúró.

Èyí tí a ń ṣe báyìí kéré sí ìyẹn. Olùkọ́ mọ àwọn ọmọ tó ń wá láìjẹun, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ní sáà yìí. A fún wọn ní páálí kékeré tí wọ́n ń gbé lọ bá ìyá yòówù lẹ́nu géètì láàárọ̀, wọ́n á gba àkàrà mẹ́ta àti ẹ̀kọ kan. Ọmọ tó ní owó náà lè fi owó ra irú páálí yẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ìyàtọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn ìyá á kó páálí wá, ìjọ á san owó wọn. Mo wà lára àwọn tó ń dín àkàrà náà. A gbọ́dọ̀ ní omi àti ọṣẹ ìfọwọ́ níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé sì ń wá wò ó.

Akọ̀wé Àpáta (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:00 àárọ̀)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún ìgbìmọ̀ lánàá, àwọn tó fẹ́ kí a kó owó tó kù fún ọmọ ìjọ nìkan pàápàá fetí sílẹ̀. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a pín owó tó kù fún àwọn ìyá kí wọ́n fi kún òwò. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ rí sí i?

Ìyá Kúdírátù (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 9:40 alẹ́)

Ẹ má pín in, Akọ̀wé. Wọ́n ti pe orúkọ mi síta rí níwájú èrò nítorí irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n fún mi ní ₦20,000, mo sì fi odidi oṣù kan máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́jà nítorí gbogbo ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ló ti gbọ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni àjọ tí àwa òbí ilé ìwé kan dá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ₦500 lọ́sẹ̀, tí a kì í kó títí di ìgbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Yunifọ́ọ̀mù, bàtà àti ìwé la máa ń fi rà. Ìjọ tó wà nítòsí kò fi kọ́bọ̀ sí i. Akápò wọn ló ń bá wa kọ ìwé owó náà, ó sì ń kà á sétí wa ní oṣooṣù.

Akọ̀wé Àpáta (Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì, aago 8:25 alẹ́)

Mo fẹ́ jábọ̀ fún yín. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti ìyá méjì láti inú ìjọ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé lọ́wọ́ òfo. A kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí àwòrán ara báàgì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a bi í ní ìbéèrè tí Tíṣà kọ́ wa, ó fa rẹ́jísítà kíláàsì karùn-ún jáde, ó fi rúlà bo apá ibi tí orúkọ àwọn ọmọ wà, ó wá ní kí a wo àmì òdo tó ń sọ ọjọ́ tí ọmọ kò wá. Ìlà mẹ́jọ ló fi hàn wá, ti àwọn ọmọbìnrin ni. Ní ọ̀sẹ̀ kan, òdo wà ní Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo rò pé kò ní ètò kankan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó bá mi lọ ló fi ìka kà á, tó ní, “Ọjọ́ ọjà ni.” Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún tó wà níta ìlú ni àwọn ìyá wọn ń ná, àwọn ọmọbìnrin yìí ló sì ń dúró sílé tọ́jú àbúrò tí kò tíì rìn.

Yàrá ọmọdé wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní ẹní, fáànù àti omi, títì ló sì máa ń wà láti Ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. A ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ọ̀gá náà sì ti pe ìpàdé òbí sí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí àwọn ìyá bá gbà, a óò máa ṣí yàrá náà láràárọ̀ ọjọ́ ọjà kí wọ́n gbé àwọn ọmọ ọwọ́ sí, a óò sì fi owó tó kù san owó fún àwọn tí yóò máa tọ́jú wọn. Ọ̀gá ní ó yẹ kí ìyá kan láti àárín àwọn òbí Mùsùlùmí wà lára wọn, a sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Báàgì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣì wà ní ọ́fíìsì wa, a sì ní ìtìjú láti gbé wọn jáde. Kí ni kí a ṣe sí wọn?

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu (Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:10 alẹ́)

Inú mi dùn gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ ju mẹ́ta lọ fún olùtọ́jú kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé ọmọ wá àti ẹni tó lè wá gbé e sínú ìwé, ẹ má ṣe gbé ọmọ fún ẹlòmíràn. Kí ìyá gbé oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ bá gbóná láàárọ̀, ẹ dá a padà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ìyá Kúdírátù (Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:30 alẹ́)

Akọ̀wé, ẹ kó àwọn báàgì náà wá sí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ Ajé, ẹ bèèrè mi ní ìlà àwọn aláta. Àbúrò mi obìnrin ń ránṣọ, ó sì ní àjákù àǹkárá tó pọ̀ nílé. Ó ní òun á rán àpò kékeré mọ́ ojú àwòrán náà, níbi tí ọmọ lè ki bírò àti rúlà rẹ̀ bọ̀. Okùn nìkan ni kí ẹ rà.